Ọjọ́ tí Fangio ò wa ọkọ̀

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London, mo wọ kọ́ọ̀nà kan bí ẹni pé Ìwó Road ni mo ṣì wà, tí mò ń bá àwọn oní-Micra du ọ̀nà. Bàbá òyìnbó tó ń kọ́ mi gbá irin iwájú rẹ̀ mú, ó ní, "Ta lo pe ara ẹ, Stirling Moss?" Àwọn yòókù tó jókòó sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé wọn, àmọ́ mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ṣáà rò pé ọmọ iṣẹ́ kan tó ti fi bọ́ọ̀sì wọ ilé onílé rí ni.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá orúkọ náà lórí fóònù. Àṣé awakọ̀ ìje ni, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ọkọ̀ wà jù tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní rí, orúkọ rẹ̀ ló wá di ohun tí wọ́n fi ń bú ẹni tó bá sáré jù. Ibi tí mo ti ń ka ìtàn rẹ̀ ni mo ti kan Havana. Ìje ọkọ̀ tí wọ́n ń sá láàárín ìgboro, létí òkun, ní ilẹ̀ Kúbà, ní 1957 àti 1958, tí wọ́n gbé kúrò ní ìgboro ní 1960, tó sì parí síbẹ̀. Mo ka ti 1958 lẹ́ẹ̀mejì. Aago méjì òru ti kọjá kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ aago márùn-ún ìdájí ni mo gbọ́dọ̀ wà ní gáréèjì.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìyàwó mi ní ká lọ síbi tí oòrùn wà fún ọ̀sẹ̀ kan. Tenerife ló wà lọ́kàn tiẹ̀. Mo ní ká lọ sí Havana. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ báyìí?" Mo ní òkun wà níbẹ̀.

Òkun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Malecón ni wọ́n ń pe títì tó lọ lẹ́bàá rẹ̀. Ògiri kúkúrú kan ló dá omi dúró, títì fífẹ̀ wà nínú ògiri, àwọn ilé àtijọ́ tí iyọ̀ ti jẹ ara wọn sì tò sí òdì kejì. Ọdún 1901 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la títì náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un fún nǹkan bí ọdún 50 kó tó gùn tó kìlómítà 8. Tí afẹ́fẹ́ àríwá bá fẹ́, omi á fo ògiri, á sì já sójú títì gbàà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí títì tó ń yọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Fulgencio Batista ló wà nídìí ìje náà. Sójà ló fi gba ìjọba ní oṣù Kẹta 1952, ohun tó sì ń wá ni kí owó àwọn ará Amẹ́ríkà máa rọ́ wọ Havana. Hòtẹ́ẹ̀lì ti wà, ilé tẹ́tẹ́ ti wà, orin ò wọ́n wọn láti ìpilẹ̀. Ìje ọkọ̀ láàárín ìlú, bíi ti Monaco, ló kù. Ìjọba tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ máa ń fẹ́ràn àríyá, àwa tí a ti gbé abẹ́ sójà mọ èyí láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún wa. Láti oṣù Kejìlá 1956, Fidel Castro àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wà nínú òkè Sierra Maestra pẹ̀lú ìbọn, wọ́n fẹ́ lé Batista kúrò. Nínú Havana gan-an, Ẹgbẹ́ Ọjọ́ 26 Oṣù Keje, ìyẹn ẹgbẹ́ Castro, tó fi ọjọ́ tí wọ́n kọlu bárékè Moncada ní 1953 sọ ara rẹ̀ lórúkọ, ní ọmọlẹ́yìn níbi gbogbo. Inú irú ìlú yìí ni wọ́n ti pe àwọn awakọ̀ Yúróòpù wá pé kí wọ́n wá sáré, kí ayé lè rí i pé ara tu gbogbo ènìyàn.

Oṣù Kejì 1957 ni ti àkọ́kọ́, Juan Manuel Fangio ló sì gbapò kìíní nínú Maserati. Ẹ jẹ́ kí n dúró sọ́dọ̀ ọkùnrin yìí díẹ̀. Ọmọ Balcarce ni, ìlú kékeré kan ní Argentina, 1911 ni wọ́n bí i. Ọmọdé ló ṣì jẹ́ tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, nítorí náà El Chueco ni wọ́n ń pè é nílé, ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́. Kó tó padà wá sí Havana lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di ọ̀gá àwọn awakọ̀ ìje lágbàáyé nígbà 5. Èmi lo ọdún mẹ́rin lábẹ́ ọ̀gá mi ní Ìbàdàn. Mo mọ bí ọ́ìlì dúdú ṣe ń wọnú èékánná, tí ọṣẹ ò ní mú un, tí èèyàn á fi ọwọ́ pamọ́ sápò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi dùn láti gbọ́ pé ẹni tó borí gbogbo wọn ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó yẹ kí wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀ lọ́dún yẹn kì í ṣe ti Fangio. Ẹni tó ń ṣáájú tẹ́lẹ̀ ni Alfonso de Portago, ọmọ ìdílé ọlọ́lá ní Spain, kí páìpù epo tó ba tiẹ̀ jẹ́. Carroll Shelby ará Amẹ́ríkà ṣe ipò kejì, Portago ṣe ipò kẹta. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, Portago kú nínú ìje Mille Miglia ní Ítálì. Táyà ló bẹ́, ọkọ̀ já wọ àárín èrò létí títì, ó pa àwọn tó ń wòran, títí kan àwọn ọmọdé. Wọn ò sá ìje yẹn bí wọ́n ṣe ń sá a tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ní Le Mans nílẹ̀ Faransé, ọkọ̀ kan ti fò wọ inú èrò, àwọn tó kú lé ní 80. Nítorí náà, nígbà tí oṣù Kejì 1958 fi máa dé, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ò mọ ohun tí ọkọ̀ asáré lè fi èrò ẹ̀gbẹ́ títì ṣe. Wọ́n mọ̀. Wọ́n sì tún pe èrò jáde, ó lé ní ẹgbẹ̀rún 100.

Hotel Lincoln ni mo kọ́kọ́ mú ìyàwó mi lọ, kí ó má bàa rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́. Kò jìnnà sí òkun, ojú títì Galiano ló wà. Wọ́n kan irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ara ògiri níbẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i lédè Spéènì. Ìyàwó mi na fóònù sí i kó lè túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó jáde ni pé níbí yìí, lálẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kejì 1958, àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọjọ́ 26 Oṣù Keje jí Juan Manuel Fangio gbé, ìyẹn sì jẹ́ ìyà ńlá fún ìjọba Batista.

Ìyàwó mi yí ojú sí mi. "Wọ́n jí èèyàn gbé, wọ́n wá fi irin kọ ọ́ sára ògiri?"

Bó ṣe rí nìyẹn. Alẹ́ Sunday ni, ìje ku ọ̀la. Fangio dúró nísàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Manuel Uziel wọlé pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ó ní kó máa bọ̀. Fangio kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ọkọ̀ ń dúró níta, wọ́n gbé e lọ, ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì gbé e yí ká. Oscar Lucero Moya wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà. Wọn ò bèèrè kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí gbogbo ìwé ìròyìn ayé, tó ti rán oníròyìn wá wo ìje, kọ ọ́ pé ìjọba tó ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé ò lè ṣọ́ àlejò kan ṣoṣo. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ara wọn fún un, wọ́n fún un lóúnjẹ. Wọ́n jẹ́ kó gbọ́ ìje náà lórí rédíò. Lẹ́yìn ohun tó lé ní wákàtí 24, wọ́n fà á lé aṣojú ìjọba Argentina lọ́wọ́ láìsí egbò lára. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé wọ́n ṣe òun dáadáa, kò sì ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ láti dá ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí mi ò lè fò. Nígbà tí mo ń ka èyí lálẹ́ ọjọ́ náà ní London, ẹ̀rín ń pa mí. Ó dà bí eré orí ìtàgé, ọ̀gá awakọ̀ àti àwọn ọmọdé onírẹ̀lẹ̀ tó ní ìbọn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n dá ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan dúró lọ́nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ 6 ló lò nínú igbó. A dá owó jọ láti London, láti Abẹ́òkúta, láti ọwọ́ àwọn tí a ò tíì bá sọ̀rọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ó padà dé. Kò kú, a dúpẹ́, àmọ́ títí di òní, tó bá wọ ilé oúnjẹ, ìjókòó tó dojú kọ ilẹ̀kùn ló máa wá. Nítorí náà, nígbà tí mo dúró níwájú irin Hotel Lincoln, ọ̀rọ̀ náà "ajínigbé" ò fẹ́ jáde lẹ́nu mi fún àwọn ọmọ Havana yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò rí òmíràn tí màá fi rọ́pò rẹ̀. Ìbọn ni ìbọn. Fangio fúnra rẹ̀ dárí jì wọ́n. Ó tún padà sí Kúbà ní 1981, ó rí lára wọn, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́. Òun ló ni ìdáríjì yẹn. Ẹ̀mí Lucero ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1958 ò tíì parí tí àwọn ọlọ́pàá Batista fi mú un, wọ́n sì pa á.

Ìyàwó mi ní oúnjẹ ti ń pa òun. A wá ọkọ̀.

Chevrolet àtijọ́ kan ló dá dúró fún wa, aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí gbogbo àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó rí i, mo sì mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kì í kọ báyìí. Nígbà tó gbé wa dé ibi tá a ń lọ, mo fi ọwọ́ bẹ dírẹ́bà pé kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Dísẹ́ẹ̀lì ni, láti ara ọkọ̀ ẹrù Toyota, wọ́n gé irin ìjókòó ẹ́ńjìnnì, wọ́n jó o mọ́ra, wọ́n fi páìpù gáàsì ilé, tàbí ohun tó jọ ọ́, so rédíétọ̀. Ọ̀gá mi ní Ìbàdàn ì bá fi ọwọ́ pa á lórí. Ìgbà tí mo gbé orí sókè ni mo rí ohun tó so kọ́ dígí iwájú, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú àti aláwọ̀ ewé lórí okùn kan. Mo nawọ́ sí i. Ó ní, "Oggún." Mo ní, "Ògún." Ó tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́, ó ń wò mí lẹ́nu. Mo fi ọwọ́ kan àyà mi, mo ní, "Nigeria. Yoruba." Ọkùnrin náà pariwo, ó ní, "Lucumí!", orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Kúbà, ó sì dì mọ́ mi tòun ti ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Ridíìmù tọkàntọkàn, wo òkè.

Lódọọdún ni ọ̀gá mi máa ń pa ajá fún Ògún níwájú ṣọ́ọ̀bù. Onítẹ̀bọmi ni, àmọ́ ó ní ẹni tó bá ń fi irin jẹun ò gbọ́dọ̀ di aláìmoore. Ògún tó lómi nílé tó fẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, eré ni mo pe gbólóhùn yẹn.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejì, ọlọ́pàá ń wá Fangio káàkiri ìlú. Batista ní kí ìje máa lọ. Wọ́n sún àkókò síwájú díẹ̀, bóyá wọ́n á rí i. Wọn ò rí i. Wọ́n gbé Maurice Trintignant ará Faransé sínú Maserati rẹ̀, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Bíi kìlómítà 5.6 ni ìyípo kan, ìyípo 90 ni wọ́n sì fẹ́ sá. Wọn ò tíì sá ìyípo 10 tí ọ́ìlì fi gba ojú títì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló dà á sílẹ̀, torí ó rọrùn láti gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Páìpù ọ́ìlì ló já lára Porsche Roberto Mieres, ó sì ń da ọ́ìlì yípo gbogbo ọ̀nà ìje.

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní ìgbà òtútù kan, mo wọ ráńdábáòtù kan pẹ̀lú bọ́ọ̀sì mi, máìlì 15 péré ni mò ń sá. Ọkọ̀ ẹrù kan ti jò dísẹ́ẹ̀lì síbẹ̀ láàárọ̀, òjò sì ti rọ̀ lé e. Mo yí sítíárìn, bọ́ọ̀sì ò yí. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kì í pariwo. Sítíárìn kàn fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ìgbà tí ẹni tí ẹ jọ gbé ẹrù bá jù ú sílẹ̀, tọ́ọ̀nù 12 sì ń lọ síbi tó wù ú. Obìnrin kan wà létí títì pẹ̀lú ọmọ nínú kẹ̀kẹ́. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí gbogbo nǹkan. Táyà tún di ilẹ̀ mú, ó ku bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Obìnrin náà ń wo fóònù rẹ̀, kò mọ̀ rárá. Mo parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dé ilé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mi ò wọlé fún ìgbà pípẹ́.

Armando García Cifuentes, ọmọ Kúbà, ló bá ọ́ìlì Havana pàdé. Ferrari aláwọ̀ ìyeyè àti dúdú ló ń wà. Nítòsí ilé aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ló ti yọ̀, ó sì já wọ inú àwọn tó ń wòran. Èèyàn 7 ló kú, àwọn tó fara pa lé ní 40. Òun fúnra rẹ̀ fara pa, àmọ́ kò kú. Lẹ́yìn tí ìje parí, àwọn tó mú Fangio gbé tẹlifíṣọ̀n wá fún un kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n fi àsíá pupa dá ìje dúró, èyí tó tún wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Masten Gregory ará Amẹ́ríkà ló wà níwájú, Moss wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì nínú Ferrari. Gregory rí àsíá pupa lójú ọ̀nà, ó dẹ ẹsẹ̀. Moss mọ òfin, ó mọ̀ pé ọ̀gá ìje nìkan ló láṣẹ láti gbé àsíá yẹn, níbi ilà òpin. Ó tẹ tọ́tù, ó kọjá lára Gregory, ó sì ṣáájú rẹ̀ dé ilà. Gregory fárígá. Moss ní kó panu mọ́, torí bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn, àwọn tó ṣètò ìje lè torí rẹ̀ di owó mú. Ó ní kí wọ́n kó owó ipò kìíní àti ìkejì pọ̀, kí wọ́n pín in sí méjì. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka èyí, mo ní ọkùnrin yìí gbọ́n. Ìgbà kejì, mo rántí pé wọ́n ṣì ń gbé òkú kúrò lójú títì.

Ìyókù ò pọ̀. Batista sá lọ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1959, kò sì sí ìje lọ́dún yẹn. Ní oṣù Kejì 1960, ìjọba Castro tún ṣe é, àmọ́ kì í ṣe létí òkun mọ́. Pápá ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun àtijọ́ ni wọ́n gbé e lọ. Ettore Chimeri ará Venezuela kú nígbà ìdánrawò, Moss ló sì gbapò kìíní nínú Maserati. Láti ìgbà náà, wọn ò gbọ́ ìró irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Havana. Àwọn olówó tó ń ra Ferrari ti sá lọ sí Miami. Àwọn tó kù ń jó Toyota mọ́ Chevrolet.

Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, a rìn lọ sórí Malecón. Àwọn ènìyàn jókòó sórí ògiri, àwọn ọkùnrin ń ju okùn ìwọ̀ sómi, àwọn ọmọdébìnrin méjì ń jẹ ẹ̀pà nínú ìwé tí wọ́n ká bí ìwo. Nínú omi nísàlẹ̀, àárín òkúta, mo rí èso ọ̀pọ̀tọ́ mẹ́rin àti òdòdó funfun tí ẹnì kan gbé fún Yemọja. Mo rìn láti ibi ilé aṣojú Amẹ́ríkà lọ, mo sì tún rìn padà, mò ń wo ara ògiri àti ojú títì. Mò ń wá orúkọ èèyàn 7. Irin pẹlẹbẹ Hotel Lincoln ti jẹ́ kí n gbà pé wọ́n ń kọ nǹkan sílẹ̀ nílùú yìí. Mi ò rí kankan.

Ìyàwó mi bọ́ bàtà, ó jókòó. "Nínú gbogbo rẹ̀ náà," ó ní, "ta ló wá borí?"

"Moss," mo ní. "Àti Gregory. Wọ́n pín owó náà."

"Èló?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Èyí tí wọ́n jí gbé wá ńkọ́? Wọ́n fún òun ní nǹkan?"

"Wọ́n fún un lóúnjẹ."

Ó fẹ́ sọ nǹkan, àmọ́ omi fo ògiri, ó já lé wa lórí àti sójú títì. Ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ dẹ ẹsẹ̀. Mo wo táyà rẹ̀ títí ó fi kọjá.